Ohun Tó Gba Ẹnu Ọ̀nà Wọlé

Láti ìlú São Paulo dé Botucatu, ìrìn tó lé ní kìlómítà 200 ni. Bọ́ọ̀sì máa ń gbéra ní ibùdókọ̀ Barra Funda, á bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Castelo Branco, á sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Fún ìgbà díẹ̀, ilé alájà gíga nìkan ni èrò ọkọ̀ máa rí. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sílẹ̀. Igi eucalyptus tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà ló kọ́kọ́ ń hàn. Ìrèké á tẹ̀ lé e, títí ojú kò fi ní tó òpin rẹ̀. Oko ọsàn á yọjú. Lẹ́yìn wọn ni pápá ìjẹko tí àwọn màlúù funfun oníké ti ń jẹ̀. Níbi tí odò bá ti ṣàn, tàbí tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ débi tí kátakátà kò lè gun ún, ìyókù igbó àtijọ́ ṣì dúró níbẹ̀, ó ṣókùnkùn, ewé inú rẹ̀ sì pọ̀ lóríṣiríṣi.

Oúnjẹ èèrà ni mo ń wò lójú ọ̀nà náà. Èèrà agéwé, tí àwọn ará Bràsíl ń pè ní saúva, ló gbé mi dé ìpínlẹ̀ São Paulo. Gbogbo irúgbìn tí mo dárúkọ yìí, láti orí eucalyptus títí dé orí koríko, ni ọ̀kan tàbí òmíràn nínú àwọn oríṣi saúva ń gé wọ inú ilẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí oúnjẹ yẹn ń ṣe fún ilé tó wọ̀, pàápàá jù lọ fún àwọn ayálégbé tí ojú lásán kò lè rí.

Orí òkè pẹrẹsẹ kan ni Botucatu wà, ó fi nǹkan bíi mítà 800 ga ju ojú òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ilẹ̀ rẹ̀ sì pupa fòò. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ São Paulo, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí UNESP, ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti ń ṣèwádìí nípa saúva. Luiz Carlos Forti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da sìmẹ́ńtì olómi sínú ilé saúva ládùúgbò yìí. Nígbà tí sìmẹ́ńtì náà gan, wọ́n wa ilẹ̀ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo ọ̀nà àti yàrá inú ilé náà fi hàn síta. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, ilé kan ní yàrá 7,864, ó sì jìn tó mítà 7. Èèrà tí ìka ọwọ́ ọmọdé lè tẹ̀ pa ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí Botucatu bá ìbéèrè mi mu ni pé oríṣi saúva mẹ́rin ń gbé agbègbè kan náà níbẹ̀, oúnjẹ wọn kò sì dọ́gba. Atta sexdens, tí wọ́n ń pè ní saúva-limão nítorí pé orí rẹ̀ máa ń ta òórùn òroǹbó wẹ́wẹ́ tí a bá tẹ̀ ẹ́ fọ́, ewé gbòòrò ló ń gé. Atta bisphaerica àti Atta capiguara, koríko ni tiwọn. Atta laevigata, tí orí rẹ̀ ń dán gbinrin, ń gé méjèèjì. Òjò kan náà ń rọ̀ sórí gbogbo wọn, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé yàtọ̀ síra.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí lórí èèrà ló mú mi káàkiri. Lálẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀, a lọ sí ẹ̀gbẹ́ igbó kan nítorí pé òru ni saúva-limão fẹ́ràn láti jáde. Ó ní kí n má tètè tan iná, kí n kọ́kọ́ tẹ́tí. Mo gbọ́ ariwo kékeré kan, ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, tó ń ti orí igi bọ̀. Nígbà tí a tan iná, ọ̀nà kan hàn nílẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò sí ewé kan tàbí òkúta kan lórí rẹ̀, ó sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèrà ń lọ lọ́wọ́ òfo, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú ègé ewé tó tóbi jù wọ́n lọ. Lórí ègé ewé mìíràn, àwọn èèrà tíntìntín jókòó.

Mo ní, “Àwọn wọ̀nyí kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn ni?”

Ó ní, “Rárá o, ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Irú eṣinṣin kan wà tó máa ń fẹ́ yé ẹyin sára èèrà tó bá ru ẹrù. Ẹni tó ru ẹrù kò lè ja ìjà, ìdí nìyẹn tí àwọn kékeré yìí fi ń gun ẹrù rẹ̀.”

Mo béèrè bóyá ewé yẹn gan-an ni wọ́n ń jẹ. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ máa ń mu oje ewé níbi tí wọ́n bá ti ń gé e, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí oje ni wọ́n ṣe ń ru ewé bọ̀ nílé. Àní, fún ìgbà pípẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá kò mọ ohun tí èèrà ń fi ewé ṣe. Ní ọdún 1874, Thomas Belt, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà ní Nikarágúà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé èrò òun ni pé olú ni wọ́n ń gbìn sórí ewé náà. Ní ọdún 1893, Alfred Möller, ará Jámánì, ṣe àlàyé olú náà kínníkínní láti ìlú Blumenau ní gúúsù Bràsíl. Lónìí, Leucoagaricus gongylophorus ni wọ́n ń pè é.

Nínú ilé ìwádìí, mo rí oko olú náà nínú àpótí tí ara rẹ̀ mọ́ gaara. Ó ní àwọ̀ eérú, ó fúyẹ́, ihò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sì kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ lórí rẹ̀ láìdúró. Àwọn kan ń lá ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n ń nù ún mọ́. Àwọn kan ń gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń rún un títí ó fi rọ̀. Wọ́n á tò ó sí orí oko, wọ́n á fa díẹ̀ yọ lára olú tó ti dàgbà, wọ́n á gbìn ín sórí rẹ̀. Wọ́n tún máa ń kán ìgbẹ́ olómi sí i. Ìgbẹ́ yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹ́ńsáìmù tí èèrà jẹ lára olú wà nínú rẹ̀, ó gba inú ikùn kọjá láìbàjẹ́, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dojú kọ oró inú ewé tuntun. Olú náà á wá yọ hóró róbótó-róbótó tí ọ̀rá àti ṣúgà kún inú wọn. Hóró yìí ni wọ́n ń kó fún àwọn ọmọ wọn jẹ.

Ẹni tó bá dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣàìrántí ikán. Inú òkìtì ọ̀gán tiwa náà ni ikán ti ń dá oko olú, òun ló sì ń hù jáde lẹ́bàá ọ̀gán lákòókò òjò tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí saúva kankan ní Áfíríkà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n wà. Èèrà àti ikán kì í ṣe ìbátan tó súnmọ́ra, olú tí wọ́n ń gbìn yàtọ̀, òkun sì là wọ́n láàárín. Oníkálukú ló dá ọgbọ́n oko tirẹ̀. Ti èèrà ti lé ní mílíọ̀nù ọdún lọ́nà 50, tipẹ́tipẹ́ kí ọmọ aráyé tó wà rárá, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé ó ń gbin iṣu.

Èèrà àti olú nìkan ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rò pé wọ́n wà nínú àjọṣe yìí. Ní ọdún 1999, Cameron Currie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Olè kan wà nínú oko náà, olú apanilára tí wọ́n ń pè ní Escovopsis, tó lè run gbogbo oko bí kò bá sí ẹni tó ń tú u kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèrà tó ń gbin olú máa ń gbé bakitéríà kan sára, ó funfun bí ẹfun lára àwọn kan, bakitéríà yẹn ló sì ń pèsè oògùn tó ń dènà olè náà. Ní ọdún 2009, Adrián Pinto-Tomás láti Kosta Ríkà, pẹ̀lú Currie àti àwọn mìíràn, fi ẹ̀rí hàn pé àwọn bakitéríà kan tó ń gbé inú oko olú fúnra rẹ̀ máa ń mú náítírójìn látinú afẹ́fẹ́, wọ́n á sì sọ ọ́ di ohun tí oko lè lò. Ewé kò ní náítírójìn púpọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀dá tó lè mọ ẹran ara láìsí i. Àwọn tí a kò rí ló ń bá wọn dí àlàfo yẹn.

Nígbà tí mo ti gbọ́ ìyẹn tán ni mo wá rí ìdí tí pápá ìjẹko fi ṣe pàtàkì. A lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú màlúù ló mú wa wọlé. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ nàka sí òkìtì ilẹ̀ pupa kan tó gbòòrò.

Ó ní, “Ọmọ mi, ibo lo rò pé ilé wọn wà?”

Mo ní, “Abẹ́ òkìtì yìí ni, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rìn kúrò níbẹ̀ lọ sí apá kan pápá náà, ó sì gún ilẹ̀ lásán ní ọ̀pá. “Ìsàlẹ̀ ibí ni wọ́n wà. Ẹni tó bá walẹ̀ ní ìdí òkìtì kò ní bá nǹkan kan.” Bẹ́ẹ̀ ni ìwádìí ṣe sọ nípa Atta capiguara pẹ̀lú: ibi tí wọ́n ń kó yẹ̀pẹ̀ jáde sí kì í ṣe orí oko wọn. Bàbá náà ní koríko tí èèrà bá gé, ẹnu màlúù òun ló ti gbà á. Ó sọ ọ́ láìbínú, bí ẹni tó ti mọ aládùúgbò rẹ̀ pẹ́.

Mo wo àwọn èèrà náà pẹ́. Wọ́n kì í gbé ègé róbótó bíi ti igbó. Ọ̀pá koríko gígùn ni wọ́n ń gbé dúró lóòró, ó ń mì síwá sẹ́yìn bí wọ́n ti ń rìn. Ohun tí wọ́n ń gbé wọlé yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹ̀gbẹ́ igbó. Ewé gbòòrò ń dáàbò bo ara rẹ̀ pẹ̀lú oró: ìkorò, oje tó ń lẹ̀, òórùn líle, èròjà tó ń pa olú àti kòkòrò. Koríko kò ní irú oró yẹn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yi, oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀ sì kéré. Ìṣòro ẹni tó ń jẹ ewé ni májèlé, ìṣòro ẹni tó ń jẹ koríko ni ebi.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Lily Khadempour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Currie àti àwọn onímọ̀ ọmọ Bràsíl wà nínú wọn, bu díẹ̀ nínú oko olú 12 láti ilé oríṣi saúva mẹ́rin tí mo dárúkọ. Wọ́n ka gbogbo DNA tí wọ́n bá níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ bakitéríà tó ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tí jíìnì wọn lè ṣe. Àbájáde náà jáde ní ọdún 2020. Àwùjọ bakitéríà inú oko àwọn agékoríko yàtọ̀ gedegbe sí ti àwọn agéwé, oríṣi tó wà nínú rẹ̀ sì kéré sí ti agéwé. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn pàápàá kò dọ́gba. Nínú oko koríko, jíìnì tó ń ṣe àwọn èròjà tí a fi ń mọ purotéènì pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń ṣe ohun tí bakitéríà fi ń fa irin mọ́ra, àti àwọn tó ń ṣe èròjà bíi ti inú òróró olóòórùn. Nínú oko ewé gbòòrò, àwọn jíìnì tó pọ̀ jù ni èyí tó ń gbé nǹkan wọlé, tó ń gbé nǹkan jáde lára sẹ́ẹ̀lì bakitéríà.

Mo ka àbájáde yẹn lẹ́yìn tí mo ti dúró ní pápá yẹn, mo sì rí i pé ó bá ohun tí ojú mi rí mu. Níbi tí oúnjẹ ti ṣá, àwọn tó lè fi ohun kékeré ṣe purotéènì ló rí àyè gbé. Níbi tí ohun oríṣiríṣi ti ń wọlé, tòun ti oró tòun ti adùn, àwọn tó mọ gbígbà àti títì jáde ló pọ̀. Òótọ́ ni pé kí jíìnì wà nínú ilé kò tíì fi hàn pé iṣẹ́ náà ń lọ, bí irinṣẹ́ inú àpótí kò ti fi hàn pé káfíńtà wà nídìí iṣẹ́. Síbẹ̀, oúnjẹ ló yan ẹni tó máa gbé ilé náà, ìyẹn sì dá mi lójú.

Olú fúnra rẹ̀ kì í jókòó lásán. Nínú ìwádìí mìíràn tí Khadempour àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2016, wọ́n fún àwọn oko olú kan ní ewé, wọ́n fún àwọn kan ní òdòdó, wọ́n fún àwọn kan ní hóró ọkà oats, wọ́n sì po gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún àwọn yòókù. Oríṣi purotéènì olú 1,766 ni wọ́n kà, 161 nínú wọn sì jọ ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ ara ewéko. Níbi tí wọ́n ti fún un ní ewé tàbí òdòdó, olú pèsè ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ sẹ́lúlósì, okun líle inú ewéko, lọ́pọ̀lọpọ̀. Níbi tí wọ́n ti po gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ṣe bíi pé ọkà nìkan ni wọ́n fún òun: ó kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé oko lè kọ oúnjẹ. Ewé kan lè dára lójú èèrà, kó sì jẹ́ májèlé fún olú. Àwọn onímọ̀ ní Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì dán an wò: wọ́n fi oògùn apolú sí ewé, oògùn tí kò pa èèrà lára. Lọ́jọ́ kìíní, èèrà gé ewé náà gbé wọlé. Nígbà tó yá, wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n sì ń bá a lọ láti kọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àní nígbà tí kò sí oògùn lára irú ewé yẹn mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí olú ti dé etí àwọn tó ń ru ewé. Láàárín àwọn tí kò ní etí, tí kì í fọhùn, ọ̀rọ̀ ń lọ láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ títí dé orí igi.

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Botucatu tó lè fojú ọlá nìkan wo saúva. Wọ́n lè gé gbogbo ewé igi ọsàn kan tán lóru ọjọ́ kan. Ó pẹ́ tí àwọn ará Bràsíl ti ń sọ ọ́ pé àfi kí orílẹ̀-èdè àwọn pa saúva run, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, saúva á pa á run. Ohun ìjà tí wọ́n ń lò jù ni oúnjẹ olóró, hóró kékeré tí wọ́n fi èèpo àti ẹran ọsàn gbígbẹ ṣe, tí wọ́n sì pò mọ́ oògùn sulfluramid. Èèrà fúnra rẹ̀ á gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n sulfluramid máa ń di PFOS nínú ilẹ̀, èròjà kan tí kì í tètè parẹ́ láyé. Nígbà tí Àdéhùn Stockholm fi PFOS sínú àkọsílẹ̀ ohun tí ayé gbọ́dọ̀ dín kù ní ọdún 2009, wọ́n yọ̀ǹda oúnjẹ olóró saúva sílẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí pé wọn kò rí àrọ́pò. Àwọn agékoríko kò sì fẹ́ràn òórùn ọsàn bíi ti àwọn agéwé. Ohun tó fa ẹni kan mọ́ra nínú igbó, aládùúgbò rẹ̀ nínú pápá lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ìdí nìyí tí mo fi ka ìwádìí àwọn ayálégbé kékeré yìí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ gidi. Ẹni tó bá mọ ohun tí oko olú kan gbọ́kàn lé kí ó tó lè jẹ koríko, á mọ ibi tí ó ti lè dá a dúró láì da PFOS sínú omi tí ọmọ rẹ̀ máa mu. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, májèlé náà ni á máa fi kún.

Ọ̀rọ̀ náà tún ju ti àgbẹ̀ lọ. Ojú ọ̀nà tí mo gbà wá kì í ṣe bó ti rí tẹ́lẹ̀. Igbó ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gé e fún ìrèké, ọsàn, eucalyptus àti màlúù. Bí wọ́n ti sọ igbó di pápá, wọ́n ti yí oúnjẹ tó wà ní ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé èèrà ibẹ̀ padà. Àwọn tí koríko jẹ́ oúnjẹ wọn ti rí àyè. Pẹ̀lú wọn ni àwùjọ bakitéríà tí oríṣi rẹ̀ kéré ń gbilẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ oríṣi ti wà tẹ́lẹ̀. A mọ bí a ti ń ka igi tí a gé, a mọ bí a ti ń ka ẹyẹ tó kúrò. Mo fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tí kò ní ewé, tí kò ní ìyẹ́, tí wọ́n ń gbé inú oko tí èèrà dá, nítorí pé gbogbo igbó tí a bá gé lókè, àwa náà ló ń pinnu ẹni tó máa gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀.